Okùn Tó Ń Mi Ṣẹ́rẹ́

Ẹ̀yin ará Ìbàfò, ẹ̀yin ará Mowe, àti ẹ̀yin tèmi ní Ifọ̀ tí a jọ ń yan gàrí látijọ́, mo ti dé o. Oṣù mẹ́fà ni mo lò l'Ámẹ́ríkà lọ́dọ̀ ọmọ mi, gbogbo ẹni tó sì wá kí mi káàbọ̀ ló ń bi mí léèrè ilé gogoro. Mi ò rí ilé gogoro kankan. Pápá ni mo rí. Pápá, òkúta, màlúù, àti nǹkan afàyàfà kan tí wọ́n ní kí n má ṣe pè lórúkọ láti kékeré, tí mo wá fẹnu ara mi pè lójúmọmọ nítorí ọmọ. Ẹ jókòó, kí n rò ó lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ti rẹ̀ mí láti máa rò ó lórí ìdúró.

*Ibi tí mo sọ̀ sí*

Ọkọ̀ òfurufú ò ní ìtàn. A wọ̀ ọ́, a sọ̀ kalẹ̀. Mufutau, ọkọ ọmọ mi, ọmọ Ìkìrun, ló wá pàdé mi. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àwọn òyìnbó, ni obìnrin kan bá sáré wá, ó ń pariwo, ó ń tẹ fóònù.

Mufutau dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀. "Màámi, ẹ má dá a lóhùn. Ó rò pé mo dákú ni, dókítà ló fẹ́ pè."

Mo rò pé ilé wọn ò ní jìnnà ju láti Ìbàfò sí Asese lọ. Rárá o. A rìn bí ẹni lọ Ìbàdàn tó bọ̀, tó tún lọ. Kò sí alágbàdo lójú ọ̀nà, kò sí olómi tútù, kò sí ẹni tó ń sáré tẹ̀lé mọ́tò. Ọ̀nà náà dákẹ́ débi pé mo bi Mufutau bóyá kónílé-ó-gbélé ni wọ́n ń ṣe. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní Tẹ́sáàsì nìyẹn, bó ṣe rí nìyẹn.

Ilé wọn dá dúró láàárín pápá. Ilé pákó ni, wọ́n gbé e ka orí bíríkì, afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Òtútù tó ń fẹ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọyẹ́ tiwa ò lè jẹ́ àbúrò rẹ̀. Ṣẹ́rífá ọmọ mi jáde, oyún rẹ̀ ti wọ oṣù tó máa bí i, ó sì fẹ́ kúnlẹ̀. Mo ní kó má wulẹ̀ ṣe wàhálà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ obìnrin yọ, ọmọ ọdún márùn-ún. Ó dúró gbagidi, ó na ọwọ́ sí mi.

"Háì, Màmá."

Kí n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́! Sáfíyà ni wọ́n ń pè é. Èmi ni mo fún un ní Àbẹ̀kẹ́ lórí fóònù lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀, kò sì sí ẹlòmíràn tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Mo ti ọ̀nà jíjìn dé, mi ò fẹ́ fi ìjà bẹ̀rẹ̀.

Bí mo ṣe fẹ́ gun àtẹ̀gùn, Mufutau dá mi dúró. Ọ̀pá gígùn kan gbára ti ògiri, irin tó tẹ̀ bí ìwọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀.

"Màámi, òfin kan ló wà nílé yìí. Ẹ má ki ọwọ́ bọ ibi tí ojú yín ò bá dé."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

Ó wo ilẹ̀, ó wo ọmọ, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Okùn ni, Màámi. Okùn pọ̀ níbí."

Ó yé mi. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Nílé bàbá mi, a kì í pe nǹkan yẹn lórúkọ, lọ́sàn-án tàbí lóru, kó má baà rò pé a ránṣẹ́ pe òun. Okùn la ń pè é. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe tọ́ Ṣẹ́rífá nínú oko ẹ̀gẹ́ wa ní Ifọ̀. Inú mi dùn pé òun àti ọkọ rẹ̀ ò tíì sọ ẹnu ilé nù.

*Bàbá Délé*

Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin arúgbó kan wá kí wa. Òun ni aládùúgbò wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mọ́tò ló gbé e dé. Ó ṣí fìlà gbàràmù lórí, ó gbé e lé àyà, ó tẹ orí ba fún mi, ó sì sọ̀rọ̀ kan. Ohun tí mo gbọ́ nínú rẹ̀ ni "Mà."

Mo ní, "Mufutau, ṣé mà ló pè mí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Bí wọ́n ṣe ń pe àgbà obìnrin níbí nìyẹn."

Àṣé àwọn náà ní mà! Mo ti rò pé àwa nìkan la ni ín. Mo ní kó bi í lórúkọ.

"Ó ní òun ń jẹ́ Dẹ́ẹ̀lì."

"Délé? Délé ọmọ ta ni?"

"Dẹ́ẹ̀lì, Màámi. Orúkọ òyìnbó ni."

"Délé ni mo gbọ́. Sọ fún un pé orúkọ rere ni. Ẹni tó dé ilé ni."

Mufutau sọ ọ́ fún un. Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Ó ní ì bá dára kí ìyàwó òun tó ti kú gbọ́ ọ, torí ẹjọ́ tí wọ́n jọ ń rò láyé rẹ̀ ni pé òun kì í dé ilé. Láti ọjọ́ náà, Bàbá Délé ni.

Ó gbé àkàrà òyìnbó kan wá tí wọ́n fi ẹ̀pà orí igi ṣe, dídùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ mí léyín. Èmi náà po gàrí fún un, gàrí Ifọ̀, èyí tó kan dáadáa. Ó mu ún, ó dijú, ó la ojú, ó bi Mufutau bóyá ó ti bàjẹ́.

"Sọ fún un pé bó ṣe ń dára nìyẹn."

Lọ́jọ́ kẹta, ó padà wá, ó mú kọ́ọ̀bù tirẹ̀ dání.

Iṣẹ́ Bàbá Délé ni kó máa dọdẹ okùn. Kì í fi ìbọn dọdẹ wọn. Ọ̀pá oníwọ̀ bíi ti ẹnu ọ̀nà wa ló ń lò, òun ló sì fún Mufutau ní tirẹ̀. Okùn tó wà níbẹ̀ kì í ṣe irú tiwa. Ìpẹ́ líle wẹ́wẹ́ ló so mọ́ ara wọn ní ṣóńṣó ìrù rẹ̀, bí inú bá sì bí i, á gbé ìrù náà sókè, á máa mì í. Bàbá Délé yọ irú ìrù bẹ́ẹ̀ kan tó ti gbẹ látinú àpò, ó mì í létí mi. Mo ní háà! Mo wọ yàrá lọ, mo tú ẹrù mi, mo mú igbá kékeré tí mo gbé wá láti ilé fún ọmọ tuntun jáde, ṣẹ́rẹ́ ọmọdé, wóró ló wà nínú rẹ̀. Mo mì í létí tirẹ̀. Ohùn kan náà ni! Òun ń mi ìrù, èmi ń mi igbá, Àbẹ̀kẹ́ sì ń jó láàárín wa.

Nígbà tí a rẹ́rìn-ín tán, ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń bá a gbé. Mufutau ń túmọ̀ rẹ̀. "Ó ní bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ má sá, ẹ má sì ṣe sún mọ́ ọn. Ẹ dúró bí òpó. Ohun tó bá ń yíra ló ń bá jà. Bí ẹ bá ti rí ibi tó wà, kí ẹ rọra fẹ̀yìn rìn. Òun náà ò fẹ́ wàhálà."

Mo rò ó. Paramọ́lẹ̀ oko wa kì í kéde. Á dákẹ́ títí o fi máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Èyí tó ń lu agogo kó tó jà, ìwà ọmọlúàbí díẹ̀ wà lára tirẹ̀.

*Ìkúnlẹ̀*

Ṣẹ́rífá bí ọkùnrin. Mo gbé omi kaná, mo wẹ ọmọ, mo na apá, mo na ẹsẹ̀, mo fi aṣọ gbígbóná jó ìyá rẹ̀ nínú. Ìyẹn ni iṣẹ́ tó gbé mi lọ. Ṣùgbọ́n mo fi òmíràn kún un.

Láràárọ̀, mo máa ń pe ọmọdébìnrin yẹn. Bí mo bá ti ní "Àbẹ̀kẹ́!", kó kúnlẹ̀. Èmi á wá kì í, á tẹ orí ba, kò gbọdọ̀ yíra, kò gbọdọ̀ fọhùn, títí n óò fi ní "Dìde." Ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ó ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni. Mo jẹ́ kó máa rò bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, bí ó bá wà nídìí oúnjẹ tí mo pe orúkọ náà, orúnkún rẹ̀ ti kan ilẹ̀ kí ṣíbí tó bọ́.

Ìyá rẹ̀ ni kò fẹ́ ẹ.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìkúnlẹ̀ yìí sílẹ̀. Kò sí ẹni tó ń kúnlẹ̀ níbí. Tíṣà rẹ̀ kàn ní 'Àbẹ̀kẹ́' lánàá, torí òun fúnra rẹ̀ ló lọ kọ́ tíṣà lórúkọ náà, bó ṣe kúnlẹ̀ nìyẹn. Tíṣà pè mí, ó ní ṣé orúnkún ń dun ọmọ náà ni."

"Kí lo wá sọ?"

"Mo ní bẹ́ẹ̀ ni."

"O wá purọ́ mọ́ orúnkún ọmọ ọlọ́mọ."

"Màámi! Èmi ni mo bí i o."

"Má pariwo, àbúrò rẹ̀ ń sùn."

Ó gbé ohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbé ọ̀rọ̀ sílẹ̀. "Ìkúnlẹ̀ ò wúlò fún ohunkóhun nílẹ̀ yìí. Ẹ kàn ń fi ọmọ ṣe ẹni tí wọ́n máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni."

Ẹni tó ń yan gàrí kì í bá iná jà, á kàn máa rò ó ni. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo tún pè é.

*Ihò òkúta*

Nígbà tí òtútù ń lọ, Bàbá Délé wá mú èmi àti Mufutau lọ síbi òkè òkúta kan. Ó ní ibẹ̀ ni àwọn okùn ti ń sá fún òtútù, pé bí oòrùn bá ti ń mú báyìí wọ́n á máa yọjú. Ó ní kí a dúró sẹ́yìn. Ó yọ dígí pẹlẹbẹ kan lápò, irú èyí tí àwa obìnrin fi ń le tìróò, ó fi gba oòrùn, ó yí i díẹ̀, ó ju ìmọ́lẹ̀ náà sínú ihò. Inú ihò tó ṣókùnkùn mọ́ kedere bí ẹni tan iná.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo rí nǹkan. Wọ́n ká lé ara wọn lórí bí okùn ní ìsọ̀ àwọn tó ń ta okùn, tinrin àti nínípọn, orí ọ̀kan lórí ìdí èkejì. Ni gbogbo wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í mi ṣẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí òjò dé sórí páànù.

Àwọn baba wa ní àìkówọ̀ọ́rìn ló ń jẹ ọmọ wọn níyà. Pé bí ọká bá ṣíwájú, tí paramọ́lẹ̀ tẹ̀lé e, tí òjòlá ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn, ta ni yóò dúró? Mo ti ń pa òwe yẹn láti ọmọdé. Mi ò mọ̀ pé ibì kan wà láyé tí wọ́n ti ń kówọ̀ọ́. Mo ní kí Mufutau sọ ọ́ fún Bàbá Délé.

Bàbá Délé mi orí. "Ó ní òtútù ló kó wọn jọ, Màámi. Bí ooru bá dé, kálukú á bá tirẹ̀ lọ, wọ́n á sì tún máa jẹ ìyà."

Mo jókòó sórí òkúta, mo ń wo ọwọ́ bàbá náà. Kì í fi ìwọ̀ gún wọn, kì í fà wọ́n. Á ti ìwọ̀ sábẹ́ àárín ara, á gbé e sókè wọ̀ọ̀ bí ẹni ń fi igi yọ aṣọ nínú omi gbígbóná, á rọra sọ ọ́ sínú dírọ́ọ̀mù, á dé e. Kò yára lẹ́ẹ̀kan. Mo ní lọ́kàn mi pé iṣẹ́ yìí, iṣẹ́ sùúrù ni, kì í ṣe iṣẹ́ agbára.

Nírọ̀lẹ́, àwọn ará abúlé kan nítòsí pàdé, wọ́n din díẹ̀ nínú àwọn okùn náà. Èèyàn pọ̀ níbẹ̀, gbogbo ojú ló sì wà lára ìborùn mi. Ìyá àgbà kan wá fọwọ́ kan etí aṣọ náà, ó ní ó dára, ó bu omi fún mi, ó jókòó tì mí. A ò gbọ́ èdè ara wa, a kàn jọ ń wo iná. Ni wọ́n bá gbé àwo wá.

"Wọ́n ní kí ẹ tọ́ ọ wò, Màámi. Wọ́n ní bí adìẹ ló ṣe rí lẹ́nu."

"Sọ fún wọn pé Mùsùlùmí ni mí. Àti pé bó bá dà bí adìẹ, adìẹ ńkọ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n bu ẹ̀wà fún mi. Ṣúgà ló wà nínú ẹ̀wà yẹn. Ẹ̀wà oníṣúgà! Mo jẹ ẹ́ tán. Àlejò ni mí.

*Ọjọ́ tí mo pè é lórúkọ*

Ooru dé lóòótọ́, kálukú sì bá tirẹ̀ lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, mo ní kí Àbẹ̀kẹ́ bá mi wá okùn tí mo máa fi sá aṣọ ọmọ. Kò rí okùn, mo sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà, mo ń tẹ́ aṣọ sórí ọgbà ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀sán ti ń rọ̀. Ṣẹ́rífá ń fún ọmọ lọ́mú nínú ilé. Ni mo bá gbọ́ ṣẹ́rẹ́.

Mo kọ́kọ́ rò pé ọmọ ló ń ṣeré. Mo wá rántí pé ọmọ oṣù mẹ́ta ò lè mi ṣẹ́rẹ́ báyẹn.

Mo yíjú. Ó wà nídìí dírọ́ọ̀mù omi, ó ká jọ sí igun tí dírọ́ọ̀mù ti pàdé àtẹ̀gùn, ó nípọn tó ọrùn ọwọ́ mi, ìrù rẹ̀ dúró ṣánṣán. Àbẹ̀kẹ́ sì ń bọ̀ wá bá a láti iwájú ilé, láìwọ bàtà, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ta ló gbé ṣẹ́rẹ́ bébì síta?"

Mo pariwo. "Okùn! Okùn wà níwájú rẹ!"

Ojú rẹ̀ tàn. "Mo ti rí i, Màmá! Ẹ jẹ́ n bá yín mú un wá."

Ẹ gbọ́ mi o. Okùn tí mo rán an ní àárọ̀ ló rò pé mo rí.

"Kì í ṣe okùn!"

"Ẹ̀yin lẹ ní okùn ni."

"Ejò ni! Ejò!"

Ó tún gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. "Kí ni ejò?"

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọmọ yìí, ẹnì kan ò pe orúkọ yẹn létí rẹ̀ rí. Èmi ni mo kọ́ ìyá rẹ̀ pé kó má pè é, ìyá rẹ̀ ò sì pè é. Èmi náà ni mo gbé ṣẹ́rẹ́ láti ilé wá, tí mo jẹ́ kó jó sí ohùn rẹ̀. Mo wá orúkọ tí òyìnbó ń pè é. Mo mọ̀ ọ́n, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, àmọ́ gbogbo gẹ̀ẹ́sì fò lọ lẹ́nu mi, tẹ́ńkì yù nìkan ló kù. Bí mo bá sáré, ejò á jà. Bí òun bá tún gbé ẹsẹ̀ méjì sí i, ó parí.

Mo fa èémí. Mo fi ohùn àárọ̀ pè é, ohùn tí kò gbóná, tí kò tutù.

"Àbẹ̀kẹ́!"

Gbì, orúnkún kan ilẹ̀. Orí tẹ̀ ba. Ọwọ́ wà lórí itan. Ìṣísẹ̀ méjì péré ló kù láàárín wọn.

"Àbẹ̀kẹ́ mi, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́. Ọmọ a-gbin-ín-lọ́kọ̀ọ̀kan-kó-o-ní-rẹpẹtẹ. Ọmọ a-yan-án-gbẹ kó tó di ti ọjà. Ọmọ a-kúnlẹ̀-gba-ire, rọra, ìyá mi, rọra..."

Mo ń kì í, mo ń rìn. Ẹsẹ̀ kan, kí n dúró. Ẹsẹ̀ kan, kí n dúró. Ṣẹ́rẹ́ ò dẹ́kun. Ohùn mi ò gbọ̀n. Eṣinṣin bà lé ọmọ náà létí, mo rí i, kò lé e. Mo gba ẹ̀yìn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá rẹ̀ méjèèjì, mo wọ́ ọ sẹ́yìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí mo ṣe máa ń wọ́ àpò gàrí kúrò nídìí iná. Mo wọ́ ọ dé ìdí ọgbà. Mo tú ọwọ́ lára rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ká kò sábẹ́ ìdí, orí rẹ̀ ṣì tẹ̀.

Ó rọra sọ̀rọ̀ láìgbójú sókè. "Màmá, ṣé kí n dìde?"

Mo kọ́kọ́ yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wò kí n tó ní, "Dìde, ọmọ mi."

*Dígí tìróò*

Ejò náà wọ́ lọ sábẹ́ ilé, lábẹ́ yàrá tí ọmọ tuntun wà gan-an. Ṣẹ́rífá gbọ́, ó ké, ó ní àwọn máa kó kúrò nílé yẹn lọ́jọ́ náà. Mufutau dé láti ibi iṣẹ́, ó pe Bàbá Délé lórí fóònù. Bàbá wà ní ìrìn-àjò, ó ní ọ̀la lòun tó lè dé, kí ẹnikẹ́ni má ki ọwọ́ bọ abẹ́ ilé.

Mo ní, "Mufutau, gbé ọ̀pá yẹn wá, kí o sì wá dírọ́ọ̀mù kékeré tó ní ọmọrí."

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dúró de Bàbá."

"Oòrùn ò ní dúró dè é."

Mo wọlé, mo mú dígí tìróò mi. Mo lóṣòó síbi tó jìnnà díẹ̀, mo gba oòrùn ìrọ̀lẹ́, mo jù ú sábẹ́ ilé. Mo wá a láti bíríkì dé bíríkì. Òun nìyẹn, ó nà gbọọrọ lẹ́bàá òpó kejì, kò jìnnà sí ìta. Mufutau na ọ̀pá sí i. Ọ̀pá náà ń gbọ̀n débi pé òun náà ń dún bí ṣẹ́rẹ́.

"Gbé e fún mi. Wá di dígí mú."

"Màámi..."

"Di dígí mú, Mufu. Má jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kúrò lára rẹ̀."

Mo ti ìwọ̀ sábẹ́ àárín ara rẹ̀ bí mo ṣe rí lọ́wọ́ bàbá yẹn. Ó mi ìrù. Mo dúró. Ó dákẹ́. Mo gbé e wọ̀ọ̀. Ó wúwo bí aṣọ òfì tó mumi. Mo gbé e jáde, mo sọ ọ́ sínú dírọ́ọ̀mù, Mufutau fi ọmọrí dé e, mo gbé òkúta lé e. Nígbà náà ni mo tó jókòó sílẹ̀, tí mo ní alihamudulilahi, tí mo béèrè omi.

Nígbà tí Bàbá Délé dé lọ́jọ́ kejì, ó ṣí ọmọrí díẹ̀, ó yọjú wò ó, ó tún dé e. Ó ṣí fìlà. Ó ní kí wọ́n rò ó fún òun látìbẹ̀rẹ̀. Mufutau rò ó, Àbẹ̀kẹ́ sì kúnlẹ̀ láti fi bó ṣe rí hàn án. Bàbá wò ó títí. Ló bá di mọ́tò rẹ̀ mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀ níwájú mi, orúnkún rẹ̀ ń dún kẹ́kẹ́.

Mufutau ní, "Bàbá, ọkùnrin kì í kúnlẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ìdọ̀bálẹ̀ ni."

"Bí mo bá dọ̀bálẹ̀," ni Bàbá Délé wí, "ta ló máa gbé mi dìde?"

Mo ní, "Ẹ dìde, Bàbá Délé. Ẹ dìde." Èmi àti Mufutau la sì gbé e.

Wọn ò kó kúrò nílé náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì rẹ̀, mo ṣì wà lórí ẹní ìrun nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan nínú pálọ̀.

"Àbẹ̀kẹ́!"

Ohùn Ṣẹ́rífá ni. Mo gbọ́ orúnkún, gbì. Mi ò yọjú. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń ka tẹ̀sùbáà mi lọ.

*Ìbàfò*

Mo ti padà dé sínú ariwo yín. Ó dùn mọ́ mi, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé lẹ́bàá àbàtà, ẹ̀yin tí koríko ga létí ọgbà yín, mo mọ̀ pé ẹ ṣì ń pè é ní okùn. Mi ò ní kí ẹ má pè é bẹ́ẹ̀, àwọn ìyá wa ló fi lélẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mú ọmọ yín jókòó lọ́jọ́ kan, kí oòrùn wà lókè, kí ẹ sọ fún un pé ejò lorúkọ rẹ̀, bó ṣe rí nìyí, ohun tí o máa ṣe nìyí. Lẹ́yìn náà kí ẹ padà sí okùn yín. Bí ẹ bá sì fi ìkúnlẹ̀ kún un, ẹ ò pàdánù.

Lánàá, Ṣẹ́rífá pè mí lórí fóònù tó ń fi ojú ẹni hàn. Mo ní kó yí i sí ọmọ mi. Àbẹ̀kẹ́ ń jẹun, ẹnu rẹ̀ kún.

"Àbẹ̀kẹ́!"

Ó pòórá lójú fóònù. Irun orí rẹ̀ nìkan ni mo ń rí nísàlẹ̀. Mo kì í dáadáa, mi ò fo ọ̀kankan. Nígbà tí mo dákẹ́, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ilẹ̀.

"Màmá, ṣé kí n dìde?"

Mo jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀. Mo fẹ́ gbádùn rẹ̀ ná.